Epo Lórí Ọkọ̀ Abẹ́ Omi

Ilé wa,
Aramọ̀kọ-Èkìtì,
Ìpínlẹ̀ Òǹdó.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Mojísọ́lá, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Jókòó kí o tó ka lẹ́tà yìí, nítorí ó gùn. Mo mọ̀ pé o ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ gígùn. Láti kékeré, bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn, wàá ní kí n kọ́kọ́ sọ ibi tó ń lọ. Ibi tí èyí ń lọ nìyí: mo sọ ọ̀rọ̀ kan sí ọ kí o tó lọ sí Wárì, ọ̀rọ̀ náà kò dára, ó sì ń dùn mí. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Mi ò lè kó o jọ mọ́. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, kí n sì fi ìmọ̀ràn díẹ̀ kún un, èyí tó yẹ kí n fún ọ lọ́jọ́ náà dípò ohun tí mo fún ọ.

Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Wọ́n ti wà ní oko kòkó ní Ìpòtì láti ọjọ́ mẹ́ta, ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n sì ti san díẹ̀. Wọ́n ní bí o bá gba owó oṣù àkọ́kọ́, kí o má ra ohunkóhun fún àwọn, àfi bàtà òjò kan péré. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ ráyè mí ná.

O rántí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mò ń sọ. O mú ìwé tí wọ́n fi gbà ọ́ síṣẹ́ jáde, o gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ iyán, ojú rẹ ń dán. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe ni. Ìwọ ẹnjiníà tuntun ni yóò máa wọ inú ọkọ̀ lọ wo ibi tó dá, wàá dúró ti àwọn tó ń jó irin pọ̀, wàá sì fọwọ́ sí i pé ó dára. Bàbá rẹ ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Èmi ni mo gé e mọ́ wọn lẹ́nu. Mo ní, "Ibi iṣẹ́ irin kì í ṣe ibi tí ọmọbìnrin ń dúró sí."

O wò mí. O ò pariwo, o ò sunkún. O kàn ní, "Màmá, ta ló wá kọ́ mi?"

O sì dìde lórí oúnjẹ. Nígbà tí mo jí láàárọ̀ láti gbé ọwọ́ lé ọ lórí, ọkọ̀ tó ń lọ sí Adó ti gbé ọ lọ. Látìgbà náà, ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Bí mo bá ń gúnyán, ó ń bá mi gún un. Mo fẹ́ dáhùn rẹ̀ lónìí. Èmi ni mo kọ́ ọ.

Èmi ni mo ń to ọkọ̀ abẹ́ omi oníke, àwọn kéékèèké tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù wa ní pálọ̀, tí èyí tó gùn jù nínú wọn kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Àwọn àlejò ń pè wọ́n ní ẹja. Bàbá rẹ ń pè wọ́n ní ọkọ̀ tí kò lè ru àpò kòkó kan. Ìwọ nìkan ni o máa ń bi mí pé báwo ni àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ṣe ń mí. O rántí ọjọ́ tí mo mú ọ lọ sí Ìkógòsì, tí o gbé ọ̀kan sínú omi níbi tí gbígbóná àti tútù ti pàdé, tó rì, tí o sì bú sẹ́kún? Mo sọ fún ọ pé ọkọ̀ tó ń rì ni wọ́n ṣe é. O ní ó dáa, ṣùgbọ́n kó padà wá sókè. Ọmọ ọdún márùn-ún ni ọ́. Ó yẹ kí n ti mọ̀ lọ́jọ́ náà pé iṣẹ́ ti rí ẹni tí yóò ṣe é.

Ohun tí mo ṣe kù díẹ̀ káàtó nígbà èwe mi pọ̀, Àbẹ̀kẹ́, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló sì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Jẹ́ kí n mú wọn sọ̀kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìmọ̀ràn kìn-ín-ní. Má fi gọ́ọ̀mù kan ohun tí o kò tíì dánwò ní gbígbẹ. Ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ tò, ìkánjú ni mo fi tò ó. Ara rẹ̀ pín sí méjì, apá òsì àti apá ọ̀tún, bí èso kòkó tí a là. Ìwé àlàyé tó wà nínú àpótí tí wọ́n kó àwọn ẹ̀yà rẹ̀ sí ní kí n kọ́kọ́ tẹ́ ọ̀pá tín-ín-rín kan sáàárín, ọ̀pá tí abẹ̀bẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ yóò máa yí lórí rẹ̀, kí n tó pa méjèèjì dé. Mi ò ka ìwé. Mo ní òsì ti kọjú sí ọ̀tún, kí ló tún kù? Mo lẹ̀ ẹ́. Ìgbà tó gbẹ tán ni mo rí ọ̀pá náà níbi tó sùn sí lórí tábìlì, bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀ ní gáréèjì. Abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ yẹn kò yí títí di òní, ìta ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́. Nítorí náà, bí o bá fẹ́ gba yàrá ní Wárì, bí o bá fẹ́ yan ọ̀rẹ́, kọ́kọ́ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ, kí o wò ó bóyá ó bá ọ mu. Bí ọkùnrin kan bá ní òun fẹ́ fẹ́ ọ, bákan náà ni. Wo ìwà rẹ̀ nígbà tí ebi ń pa á, wò ó nígbà tí wọ́n bá rẹ́ ẹ jẹ. Gọ́ọ̀mù kì í sá lọ, ó wà nínú ìgò.

Èkejì. Gọ́ọ̀mù ike kì í ṣe bí àtè tí a fi ń mú ẹyẹ. Ńṣe ló ń yọ́ ike díẹ̀, kí méjì lè di ọ̀kan. Bí ó bá pọ̀ jù, á jẹ ike náà tán. Èmi rò pé bó bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe le tó, mo dà á, mo sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Nígbà tí mo gbé ọwọ́ kúrò, imú ọkọ̀ ti rọ̀, àmì àtàǹpàkò mi sì wà níbẹ̀ bí ti ẹni tí kò mọ̀wé tó tẹ ìka síwèé. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Díẹ̀ ni kí o fi sí i, kí o fi òwú dè é, kí o sì fi í sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Àwọn ọkùnrin tí wàá bá níbi iṣẹ́ yẹn, àwọn mìíràn ti ń jó irin kí a tó bí ọ. Wọ́n á wò ọ́ láti òkè délẹ̀. Má torí èyí le mọ́ wọn láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Kí wọn, pe àgbà wọn ní ọ̀gá, béèrè ohun tí o kò mọ̀, ohun tí o sì mọ̀, ṣe é lójú wọn láìsọ̀rọ̀. Bó pẹ́ bó yá, wọ́n á máa wá ọ kiri.

Mi ò ní kí o gba ìwọ̀sí o. Ẹni tó bá nawọ́ sí ọ, pariwo ẹ̀, kí gbogbo ilé iṣẹ́ gbọ́.

Ẹ̀kẹta. Má pa ohun tó ní àbùkù dé mọ́nú. Gbé ọkọ̀ dúdú tó wà lápá òsì yẹn nínú ọkàn rẹ, kí o mì ín. O máa ń fi í ṣeré, o ní ó ń bá ọ sọ̀rọ̀, nítorí ohun kan ń dún kẹ́kẹ́ nínú rẹ̀. Ègé ike tó já bọ́ nígbà tí mò ń tò ó ni. Mo rí i. Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí, mo ní ta ni yóò rí i, mo sì pa á dé. Ìta rẹ̀ dán gbinrin, òun ló dára jù nínú gbogbo wọn, òun náà ni mi ò fẹ́ kí àlejò fọwọ́ kàn. Ọkọ̀ tèmi, ariwo lásán ni yóò máa pa. Ọkọ̀ tìrẹ, ọmọ ọlọ́mọ ni yóò wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀gá bá ń kán ọ lójú pé kí o fọwọ́ sí i, tí ọkàn rẹ kò sì balẹ̀ sí ibì kan tí wọ́n jó, má fọwọ́ sí i. Ní kí wọ́n tún un jó. Kí wọ́n bínú sí ọ lónìí sàn ju kí ìyá ẹnì kan sunkún lọ́la.

Má sì fi ojú lásán wo iná tí wọ́n fi ń jó irin. Èyí kò nílò ìtàn.

Ìmọ̀ràn kẹrin ni mo ti ń sá fún láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Ó kéré ní ẹnu: fọ ike náà dáadáa pẹ̀lú ọṣẹ kí o tó kùn ún lọ́dà. Bí òróró bá kan ike, ọ̀dà kì í mú. O mọ ọkọ̀ kẹta, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ pá láti iwájú dé ìdí, tí ọ̀dà ibẹ̀ ṣí ní èépá èépá. O bi mí lọ́pọ̀ ìgbà pé kí ló ṣe é. Mo sọ fún ọ pé ọ̀dà ló tán. Irọ́ ni mo pa fún ọ, ọmọ mi. Gbọ́ bó ṣe rí.

O ò bá bàbá mi láyé. Alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ní Ìpòtì, Ògún ni wọ́n ń bọ, bí baba wọn ti ṣe. Ẹ̀yìn ilé wa ni àgbẹ̀dẹ wà. Àwọn ọmọkùnrin ilé ń fín iná, àwọn ọmọbìnrin ń gbé omi tí wọ́n fi ń mú irin tutù lọ. Ẹnu ọ̀nà ni a ń gbé omi dé. A ó sọ ọ́ kalẹ̀ níbi òpó, a ó sì padà. Obìnrin kì í wọlé, obìnrin kì í sì fọwọ́ kan ẹ̀mú tí wọ́n fi ń di irin gbígbóná mú. Bí ilé tiwa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Èmi kì í tètè padà. Mo máa ń dúró ti òpó náà, màá máa wo irin tó pọ́n bí ojú oòrùn ìrọ̀lẹ́ bó ṣe ń na ara, tó ń di ọkọ́, tó ń di àdá. Wọ́n á rí mi, wọn kò ní lé mi. Ṣùgbọ́n wọn kò ní kí n wọlé rí.

Nígbà tí mo jáde ìwé, iṣẹ́ fífọ ìgò ni mo rí ní yàrá sáyẹ́ǹsì ilé-ìwé kan ní Ìjerò, ìgbà tí a kò tíì yọ Òǹdó kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn. Òyìnbó kan ń kọ́ wọn ní físíìsì níbẹ̀. Ìlú tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ni wọ́n bí i sí. Bí iṣẹ́ bá tán, yóò tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sórí tábìlì, yóò sì máa to ọkọ̀ abẹ́ omi oníke. Mo dúró ní ẹnu ọ̀nà tèmi, mò ń wò ó. Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe náà ni. Ó gbójú sókè, ó ní kí n wọlé, kí n bá òun di apá kan mú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnì kan pè mí wọ ibi iṣẹ́. Nígbà tó ku díẹ̀ kó padà sí ìlú rẹ̀, ó fún mi ní àpótí ọkọ̀ mẹ́rin tí a kò tíì tú.

Èyí tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kò yí àti èyí tí àmì àtàǹpàkò mi wà ní imú rẹ̀ ni méjì nínú wọn. Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ fi hàn án kó tó lọ, kó mọ̀ pé mo ti mọ iṣẹ́. Ó ṣèlérí pé òun àti ìyàwó òun yóò yà ní Ìpòtì lọ́jọ́ Sátidé láti dágbére fún àwọn òbí mi. Mo tò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí mo bá wà nílé, bàbá mi á jókòó sórí àga wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á máa wò mí bí mo ti ń fi igi ìgbálẹ̀ méjì gbé àwọn ẹ̀yà tíntìntín tó ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Wọn kì í sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí pé kí ni. Mo ní ọkọ̀ ogun ni, irin ni gbogbo ara rẹ̀, abẹ́ omi ló ń rìn. Wọ́n mi orí fún ìgbà pípẹ́.

Ní àárọ̀ Sátidé náà, mo ti fi bébà káfíńtà fá a, ó dán, ọ̀dà ló kù. Mo gbé e sójú fèrèsé, mo lọ pọnmi. Nígbà tí mo dé, ó ti kúrò lójú fèrèsé. Ó wà lórí ìloro, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa fòò. Bàbá mi ti fi epo pa á láti imú dé ìdí, bí wọ́n ṣe ń ṣe ọkọ́ àti àdá tuntun kí ó tó kúrò ní àgbẹ̀dẹ.

Mo fi aṣọ nù ún. Kò sáyè fún ọṣẹ, àlejò ti ń bọ̀. Mo kùn ún lọ́dà dúdú. Ọ̀dà náà ká jọ bí omi orí ewé kókò, ó ṣàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ẹ̀yìn ọkọ̀ sílẹ̀ ní ìhòòhò. Òyìnbó dé, ó gbé e, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí n má dààmú. Inú rere ló fi sọ ọ́. Ìtìjú ni èmi gbọ́.

Bí wọ́n ti lọ tán, mo gba ẹ̀yìn ilé. Mo dúró níbi òpó àgbẹ̀dẹ, lójú àwọn alágbẹ̀dẹ ẹgbẹ́ wọn àti àwọn oníbàárà tó jókòó níbẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ike ni, kì í ṣe irin. Òkùnkùn yín ti ba iṣẹ́ mi jẹ́."

Ọmọ tó ń fín iná dáwọ́ dúró. Bàbá mi gbé ọmọ owú sílẹ̀, wọ́n wò mí, kò sí ìbínú lójú wọn. Wọ́n ní, "Uṣẹ́ tó bá jáde l'ulé wa kì í lọ lẹ́nu gbígbẹ."

Ó parí. Wọ́n gbé ọmọ owú, wọ́n sì ń lu irin lọ. Èmi kó ẹrù mi, mo padà sí Ìjerò lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ìjerò sí Ìpòtì kò jìnnà, o mọ̀ ọ́n. Mo sọ ọ́ di ọ̀nà jíjìn. Sátidé kan kọjá, èkejì kọjá, mi ò lọ sílé. Wọ́n ránṣẹ́ pé ara bàbá mi kò yá. Mo ní mà á wá tí ọ̀sẹ̀ bá parí. Mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ pé mo bínú. Ọ̀sẹ̀ kò parí. Ọjọ́rú ni wọ́n tún ránṣẹ́, nígbà tí mo sì wọ ilé, wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá mi pè mí sínú yàrá. Wọ́n tú aṣọ kan, wọ́n fi ohun kan lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀mú ni. Ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ, tó pé pérépéré, ẹnu rẹ̀ méjì bára mu déédéé, ìṣó tó so ó pọ̀ wà láàárín. Ṣùgbọ́n kò gùn ju ìka mi lọ. Ìyá mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi ń to ọkọ̀ náà ni bàbá mi fi ń rọ ọ́, lẹ́yìn tí àwọn tó kù bá ti kúrò ní àgbẹ̀dẹ, nítorí wọn kò fẹ́ kí àwọn ará ilé rí i. Wọ́n ti ba méjì jẹ́ kí wọ́n tó rí èyí ṣe. Ọjọ́ Sátidé yẹn ni wọ́n fẹ́ fún mi, lójú òyìnbó.

Ìyá mi ní, "Ó ní ìgbálẹ̀ kò yẹ ọ́."

Àbẹ̀kẹ́, ìgbà náà ló yé mi. Ní ilé tí obìnrin kì í ti í kan ẹ̀mú, bàbá mi rọ ẹ̀mú fún obìnrin. Epo tí mo pè ní òkùnkùn, ọ̀nà tí wọ́n fi kà mí mọ́ wọn ni. Wọ́n ti gbà pé iṣẹ́ gidi ló jáde lọ́wọ́ mi, wọ́n sì ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ tiwọn. Mo ti dúró ti òpó yẹn láti kékeré pé kí wọ́n ní kí n wọlé. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá pè mí, mo dúró níbẹ̀ mo bú wọn. Mo tọrọ àforíjì lójú oórì, mo tọrọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá mi. Gbogbo wọn ni wọ́n ní ó ti tán. Ẹni tó lè sọ ọ́ kí n gbà á gbọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi tún ọkọ̀ yẹn kùn rí. Mi ò sì lo ẹ̀mú náà rí. Ìgbálẹ̀ ni mo ṣì ń lò títí di òní, o rí i fúnra rẹ, o máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àpótí kẹrin náà, mi ò tú u.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí i pé èmi tí wọ́n fi òpó dá dúró, èmi náà ni mo lọ ri òpó tìrẹ mọ́lẹ̀ sójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ ní kékeré ló jáde lẹ́nu mi lórí oúnjẹ lọ́jọ́ náà. Mi ò mọ̀ pé ó ṣì wà níbẹ̀. Ó ti ń dún kẹ́kẹ́ nínú mi fún gbogbo ọdún yìí, mo fi ọ̀dà bò ó.

Ẹ̀rù tún bà mí. Iná wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀, Wárì sì jìnnà. Jẹ́ kí n sọ èyí tó kù, nítorí mo ti ní kí o má pa àbùkù dé. Ìlara díẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ti to ọkọ̀ abẹ́ omi mọ́kànlá, mi ò rí òkun rí. Ìwọ ọmọ mi ni yóò wọ inú ọkọ̀ gidi, tí yóò fọwọ́ lé irin rẹ̀. Inú mi dùn, ó sì ń ta mí, lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó ń ta mí ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu. Má bínú sí mi. Ìyá rẹ ló ń bẹ̀ ọ́.

Mi ò mọ iye ìmọ̀ràn tí mo ti kà dé. Èyí tó gbẹ̀yìn nìyí: bí o bá bínú sí ẹni tó fẹ́ràn rẹ, bínú tán kí ọjọ́ Sátidé tó dé. Má dúró de ọ̀sẹ̀ kejì. Mo sọ èyí fún ọ nítorí ọkọ tí wàá fẹ́ àti ọmọ tí wàá bí. Mo sì sọ ọ́ nítorí ara mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá tí o ti lọ, o ò tíì kọ̀wé sí mi. Mi ò fi èyí dá ọ lẹ́bi, ọmọ tí ó jọ ìyá rẹ̀ ni ọ́.

Dẹ́rẹ́bà tó mú lẹ́tà yìí wá yóò fún ọ ní páálí kan. Àpótí kẹrin wà nínú rẹ̀. Ìwọ ni kí o tú u. Ka ìwé àlàyé, dá a wò ní gbígbẹ, fi ọ̀pá abẹ̀bẹ̀ sáàárín, kí o sì fọ gbogbo rẹ̀ lọ́ṣẹ kí ọ̀dà tó kàn án. Bí o bá tò ó tán, gbé e wá sílé fúnra rẹ. Mà á wò ó bóyá abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ń yí.

Kí Olúwa tó mú ọ dé ibẹ̀ ṣọ́ ojú rẹ, kó ṣọ́ ọwọ́ rẹ. Kí iṣẹ́ rẹ má jẹ́ ẹkún fún ẹnikẹ́ni. Kí ilẹ̀kùn tí a kò ṣí fún mi má tún tì mọ́ ọ, pàápàá láti ọwọ́ mi.

Nísàlẹ̀ páálí náà, wàá rí aṣọ kan tí mo dì. Ẹ̀mú náà ni. Bàbá mi rọ ọ́ fún obìnrin tó wà nínú ilé wọn tó ń ṣiṣẹ́, ìwọ sì ni. Máa lò ó. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dípẹtà nínú àpótí mi, mo fi epo pa á láti imú dé ìdí lówùúrọ̀ yìí.

Èyí, má fọ̀ ọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.